Pátákó Ọjọ́ Òmìnira

Tí ẹnikẹ́ni bá kí mi kú ọdún òmìnira, mo máa ń dáhùn, torí wọ́n kọ́ mi nílé, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn sí i. Àwọn ará ọ́fíìsì wa ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí wọ́n ti ń so àsíá mọ́ àwọn òpó iná lójú títì, wọn a ní, "Madam, ẹ ti tún fajú ro." Mo fajú ro lóòótọ́. Inú ń bí mi, inú náà kò sì tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ọdún òmìnira àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní Àbújá, n kò tíì bímọ. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé mi débẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, èmi sì ń dá gbé inú yàrá kan ní Kubwa. Ní Ìkìrun níbi tí wọ́n bí mi sí, ọjọ́ òmìnira kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Tíṣà ni ìyá mi, òun ló máa ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé wọn lọ yan bí ológun ní pápá. A ó ti lọ aṣọ sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, a ó fi ẹfun kun bàtà kánfáàsì wa kí ó lè funfun. Tí a bá yan tán, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín, a ó sì máa kí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Mo wá ń rò ó lọ́kàn ara mi pé bí Ìkìrun bá ń ṣe báyìí, báwo ni olú ìlú fúnra rẹ̀ yóò ti ṣe é?

Mo wọ àǹkárá tuntun, mo wọ bàtà gíga, mo wọ bọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí ṣójà kan fi nawọ́ dá wa dúró, ó ní ọ̀nà ti dí. Dírẹ́bà wa bẹ̀ ẹ́ títí.

"Oga, abeg now. People wan go enjoy for town."

"Make una go enjoy for house," ni ṣójà náà wí, kò tilẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

A sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn títí mo fi dé Utako, mo ti bọ́ bàtà mi sọ́wọ́. Ìlú dá páropáro. Àwọn tó ń ṣe ọdún wà nínú ọgbà tí wọ́n fi odi yí ká, káàdì ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Àwọn yòókù ti sá lọ sí ìlú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kí mi lọ́jọ́ náà, Hausa kan tó ń yan ẹran lẹ́bàá gáréèjì.

"Sànnu, madam. Happy Independence."

"Yauwa," ni mo fi dá a lóhùn. Gbogbo Hausa tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju ìyẹn lọ.

Ó gé ẹran bíńtín fún mi tọ́ wò. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ìyá mi fi pè mí lórí fóònù. Mò ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀, mò ń gbọ́ fèrè.

"Ṣé ẹ̀ ń gbádùn níbẹ̀ yẹn?" ló bi mí.

"À ń gbádùn, Màámi. Gbogbo ìlú ló ń jó."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, mo sunkún. Ìbínú pọ̀ nínú ẹkún náà ju ìbànújẹ́ lọ.

Àwọn tó rékọjá òkun ní ohun tí wọ́n lè nàka sí. Wọ́n lè ní òtútù ni, wọ́n lè ní òyìnbó ni. Èmi wà ní orílẹ̀-èdè tèmi, mò ń ná owó rẹ̀, mò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, àlejò sì ni mí. Ní Àbújá, kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ pé báwo lo ṣe sùn. Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ ni ipele tí o wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tó bá ọ wá iṣẹ́ náà. Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀, wọ́n ti tì wọ́n sẹ́yìn òkè. Àwa tí wọ́n kó wá, tí a bá ní "ilé," ibòmíràn ni à ń wí. Bí ọlidé bá ti dé, gbogbo wa a tú ká bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ aago.

Ìlú náà mọ́ mi lára díẹ̀díẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Hausa ná ọjà ní Utako. Mo gbá ata mú, mo ní, "Rage mana," ìyẹn ni pé kí ó dín in kù fún wa. Ọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní Hajiya, ó sì dín in kù. Mo pe ìyá mi lójú ẹsẹ̀, mo ròyìn rẹ̀ fún un bí ẹni tó yege nínú ìdánwò. Mo tún rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn láàárọ̀ kùtù. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé obìnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó máa ń ka Bíbélì fún wa pẹ̀lú ohùn tó dùn débi pé ara mi a balẹ̀. Òun náà ló ni ilé ìwé tó wà ní òpópónà wa. Mọ̀mí Prọ́pù ni àwọn ọmọ ń pè é.

Nígbà tí mo bí Mofẹ́ tó sì tó ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé, kí ni mo tún ń wá kiri? Mo mú un lọ bá ọmọ Yorùbá ẹlẹ́gbẹ́ mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ka òfin fún mi. Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wọn kò fẹ́ fanákúlà, bí wọ́n ṣe ń pe èdè tí ìyá ọmọ fi bí i. Kí oòrùn tó yọ ni mo ti ń kúrò nílé lọ bá bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé, ilé ìwé ni Mofẹ́ sì ń wà títí màá fi wá mú un. Ta ni yóò wá bá a sọ Yorùbá, nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Port Harcourt? Èmi tí ó ti rẹ̀, fún ìwọ̀nba àkókò tí a fi ń jẹun alẹ́. Kò ju ọdún kan lọ tí ó fi dẹ́kun láti dá mi lóhùn. Màá ní, "Mofẹ́, lọ bá mi mú omi wá." Ó máa mú omi wá, á ní, "Here, Mummy."

Ẹ má rò pé òfin náà ṣàjèjì sí mi. Ìyá mi yìí kan náà ní pátákó kékeré kan tó so okùn mọ́. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì rẹ̀, òun ni yóò gbé e kọ́rùn títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Ó gbé e kọ́ èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ́rùn, kò ṣe ojúsàájú. Mo bínú sí i nígbà náà, mo sì tún ń bínú sí i dòní. Ṣùgbọ́n ní Ìkìrun, pátákó kò lè kọjá ẹnu géètì. Bí aago bá ti lù, a ó bọ́ ọ jù sílẹ̀, gbogbo ìlú a sì ti máa dúró dè wá pẹ̀lú Yorùbá: ẹni tó ń ta gúgúrú, bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, àwọn ọmọ àdúgbò tí a jọ ń jà. Gẹ̀ẹ́sì ni àlejò níbẹ̀, á wá láàárọ̀, á lọ lọ́sàn-án. Ní Kubwa, kò sí nǹkan kan tó ń dúró de ọmọ mi lẹ́yìn géètì. Ohun tí wọ́n bá gbà lẹ́nu rẹ̀ nínú ọgbà yẹn, wọ́n gbà á tán nìyẹn.

Mo lọ bá Mọ̀mí Prọ́pù ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ìyá Mofẹ́, ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀," ló wí, Yorùbá rẹ̀ ń dùn bí ó ṣe ń dùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ṣé ẹ rò pé ó wù mí bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn òbí ló fẹ́ ẹ. Bí ọmọ wọn bá fi ohùn Yorùbá sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ́nrẹ́n, wọ́n á mú un lọ sí school míì. A ò sì nà wọ́n o. A kàn ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka Bíbélì Yorùbá fún wa ní Sunday?"

"Church nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

Bí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, tíṣà kan wọlé láti wá mú ìwé. Ojú obìnrin náà yí, ohùn rẹ̀ náà yí. "As I was saying, madam," ló wí, "English is the language of this school." Irọ́ ni, kì í ṣe ohun tó ń sọ bọ̀ nìyẹn. Mo dìde, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì jáde. Mo wá ilé ìwé mìíràn kiri Kubwa, òfin kan náà ni wọ́n kọ sára ògiri gbogbo wọn.

Ìyá mi ló jìyà rẹ̀ jù. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, kò sì ní ọmọ ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí Mofẹ́. Gbogbo ọ̀sán Sunday ló máa ń pè.

"Àníkẹ́," á ní, torí oríkì rẹ̀ ló máa ń fi pè é. "Àníkẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

"Fine, Grandma. Thank you."

"Kí lo jẹ?"

"Rice."

Ibẹ̀ ni yóò parí sí. Ìyá mi á ní kí n gba fóònù. Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bí ìgbà tí òun ń bá àwọn ará báńkì sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó tún pẹ́ sí i, kò béèrè pé kí n fún un ní fóònù mọ́, á kàn ní, "Bá mi kí i." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé.

"Kò sí o," ló wí. "Mi ò kàn fẹ́ kú bí àlejò sí ọmọ ọmọ mi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, n kò sì rí ibi tí mo lè sá fún un sí.

Ìgbà tí nǹkan wà báyìí ni ilé ìwé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí. Wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ òmìnira àti ọjọ́ àṣà pọ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan lọ́nà Apo. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò ṣojú ẹ̀yà kan. Mofẹ́ ni wọ́n sì yàn láti fi Yorùbá kí àwọn àlejò. Mo kà á, mo tún un kà. Àwọn tó gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ mi ló tún ń ránṣẹ́ pé kí ó wá fi nǹkan náà dá àwọn àlejò lára yá, pé kí n rán ìró àti gèlè fún un. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ká ní kì í ṣe ti ìyá mi ni, Mofẹ́ kì bá tí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ariwo tó pa kọjá kékeré.

"Yorùbá? Lẹ́nu Àníkẹ́? Mò ń bọ̀! Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa gbé mi ni, mò ń bọ̀!"

Ní ọjọ́ Friday, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ayẹyẹ, mò ń wẹ̀ fún Mofẹ́, mo rí ìlà pupa kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Mo ní ooru ló jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ sú, mo fi páúdà pa á.

Mo lọ pàdé ìyá mi ní gáréèjì Utako. Mofẹ́ kúnlẹ̀ kí i, kò sì yanu. Ìyá mi fọwọ́ pa á lórí, ó wo ojú mi, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹrù.

Lọ́jọ́ kejì a mú un lọ sí Ushafa, torí ó ti ń wá ìkòkò amọ̀ gidi tí yóò máa fi tọ́jú omi mímu. Obìnrin Gbagyi tó ń tà á kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi gbé ìkòkò kan yẹ̀ wò.

"Sọ fún un pé ó wù mí, àmọ́ kó dín in kù fún mi," ló wí fún mi.

Kí n tó la ẹnu, Mofẹ́ ti yíjú sí obìnrin náà. "Ta ce tana so, amma a rage mata," ló wí, wẹ́rẹ́, Hausa tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé kọ́ḿpáùn.

"Kai, yarinya!" Obìnrin náà pàtẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin náà.

Ẹnu ya ìyá mi. Ó di ejìká mi mú. "Ó gbọ́ mi," ló wí. "Ṣé o rí i? Gbogbo ohun tí mo sọ ló gbọ́! Àníkẹ́, o gbọ́ Yorùbá!" Mofẹ́ wo ilẹ̀. Láti Ushafa títí dé Kubwa, ìyá mi gbé ìkòkò náà sórí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì ń bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn. Mofẹ́ ń mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni, rárá, bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè mọ ohun tó fà á tí kò fi la ẹnu.

Ọjọ́ òmìnira pé, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ọgbà náà kún. Wọ́n ti pàgọ́ yí ká, wọ́n so àsíá kéékèèké mọ́ okùn láti igi dé igi, orin ń dún, àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ tẹ bàlúùnù fọ́. Àgọ́ kọ̀ọ̀kan ní pátákó níwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà sí. Ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń ta sánsán. Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ìyá mi wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó sí ìlà kejì, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì, kò sì bìkítà bóyá ẹni tó ń kí gbọ́ ọ tàbí kò gbọ́ ọ.

Mọ̀mí Prọ́pù gba máìkì. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì títí, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ níí gbẹ." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Mo di ọwọ́ àga mú.

Wọ́n pe Mofẹ́. Tíṣà tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, ọmọ Tiv ni, bébà ló ti kà á kọ́ ọ, n kò sì retí nǹkan gidi. Ó jáde tòun ti gèlè rẹ̀ kékeré, ó kúnlẹ̀, ó sì la ẹnu.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ẹ kú ọdún òmìnira. Mofẹ́olúwa ni orúkọ mi. Ọmọ Yorùbá ni mí. A dúpẹ́ pé ẹ wá bá wa ṣe é. Ẹ ò ní ṣe é kẹ́yìn."

Gbogbo ohùn rẹ̀ ló wà ní ipò rẹ̀. Kì í ṣe tíṣà ló kọ́ ọ níyẹn, ọ̀dọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ, ó ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú láti ọjọ́ yìí. Omi dà lójú mi. Ìyá mi ti dìde ní tirẹ̀, ó gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó rìn dé iwájú pèpéle.

"Àníkẹ́! Àníkẹ́ mi! Ẹnu rẹ nìyí! Wá, bá mi sọ̀rọ̀, kí lo fẹ́ kí n rà fún ọ?"

Mofẹ́ la ẹnu. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wá pa ẹnu dé, ó yíjú sí Mọ̀mí Prọ́pù, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, máìkì sì gbé e dé ibi gbogbo: "Mummy, am I allowed?"

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Mọ̀mí Prọ́pù náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "You see? Very well-behaved." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

"Kí ló wí?" ni ìyá mi bi mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ Mofẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àyè kí lò ń gbà? Kí ni wọ́n á fi ọ́ ṣe tí o bá sọ ọ́?"

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn wúyẹ́wúyẹ́, pé wọ́n á tún gbé pátákó kọ́ òun lọ́rùn. Mo ní pátákó wo. Ó ní èyí tí òun gbé kọ́rùn láti àárọ̀ di ìgbà tí mo wá mú òun ní ọjọ́ Thursday. Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní òun ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ lórí pèpéle ni, òun sì ń sọ ọ́ sókè nígbà tí kì í ṣe àkókò rẹ̀.

Ó nàka sí iwájú àgọ́ àwọn Yorùbá. Pátákó tí wọ́n kọ "Yoruba" sí gàdàgbà gàdàgbà ni, okùn ṣì wà lára rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo yí i padà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé ẹni tó gbé e kọ́rùn, fanákúlà ló ń sọ. Wọn kò tilẹ̀ ra pátákó mìíràn. Wọ́n kàn yí ọ̀kan náà padà nítorí ọdún.

Ìbínú tó gbé mi lọ́jọ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ rí. "Ẹ ní ẹ kàn ń bá wọn sọ̀rọ̀!" Mo gbé pátákó náà sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Ẹ wò ó! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pòwe odò! Ọmọ tí ẹ ní kó wá sọ Yorùbá, ẹ fìyà jẹ ẹ́ nítorí ó ń kọ́ Yorùbá tí ẹ ní kó sọ!"

"Ìyá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, not here. A ní àlejò."

"Níbí gan-an ni! Bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín níbí, níbí náà ni wọ́n á ti gbọ́!"

Ẹnì kan fa aṣọ mi. Ìyá mi ni. "Gbé e fún mi," ló wí. Mo rò pé ó fẹ́ pẹ̀tù sí mi nínú, mo sì ti múra láti bá òun náà jà. Ó gba pátákó náà, ó fọwọ́ ra okùn rẹ̀. "Irú tèmi náà ni," ló wí. "Mo gbé e kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo gbé e kọ́ ìwọ náà. Ẹnì kankan ò gbé e kọ́ mi rí."

Ó ká gèlè rẹ̀ kúrò lórí, ó gbé okùn náà kọ́rùn ara rẹ̀, ó jẹ́ kí ojú tí wọ́n kọ fanákúlà sí wà níta. Ó lọ jókòó sí ìlà iwájú, láàárín àwọn àlejò pàtàkì.

Àwọn ènìyàn ń yà á ní fọ́tò. Mọ̀mí Prọ́pù wá bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀. "Mama, please. Please, ma, let me take it."

"Mi ò gbọ́," ni ìyá mi wí. "Bá mi sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní Sunday."

Obìnrin náà dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì yí padà lọ bá ẹni tó ń lu orin pé kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ayẹyẹ ń bá a lọ! Ohun tó tún bí mi nínú jù nìyẹn. Àwọn ọmọ Igbo jó, àwọn ọmọ Hausa jó, wọ́n pín ráìsì, wọ́n gbé ti ìyá mi fún un, ó sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú pátákó ní àyà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kí ní Yorùbá. Àwọn kan dáhùn. Àwọn kan wo fóònù wọn. Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀.

Mofẹ́ kò lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jó. Ó dúró lókèèrè, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Nígbà tó yá, ó rìn wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá orúnkún rẹ̀.

"Grandma, ẹ bọ́ ọ," ló wí. "Okùn rẹ̀ máa ń ha èèyàn lọ́rùn."

Kò wo Mọ̀mí Prọ́pù. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó tẹrí ba, Mofẹ́ sì bọ́ pátákó náà lọ́rùn rẹ̀, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó mọ ibi tí okùn ti máa ń dunni. Ó fi í sílẹ̀. Ó wo ọrùn ìyá mi, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i bí mo ṣe máa ń fẹ́ ẹ sí egbò rẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín?"

Gèlè Mofẹ́ ti yẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sì rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Páúdà tí mo tún fi pa á láàárọ̀ ṣì wà lára ìlà pupa náà. Mo kúnlẹ̀ ti àwọn méjèèjì.

"Ó dùn wá," ni mo wí. "Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dùn."